Nígbà tí Oyè Ìwé bá Di Àbámọ̀: Ọ̀rọ̀ lórí Yíyan Iṣẹ́ Mìíràn

 

Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń sọ ní gbangba. Nígbà tí ọmọ bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, a máa ń dúpẹ́. Nígbà tí ó bá jáde, a máa ń dá aṣọ ẹbí, a máa ń pa ẹran, a sì máa ń gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sí ara ògiri pálọ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ àti fìlà onígun mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ta ni ó ti pe ìpàdé rí láti gbọ́ ohun tí ọmọ náà ń wí ní òru, nígbà tí ó bá gbé ojú sókè wo àwòrán yìí, tí ó sì wí fún ara rẹ̀ pé, "Ohun tí mo kọ́ yìí, èmi kò fẹ́ ẹ, iṣẹ́ tí ó sì bá a lọ, èmi kò lè fi í lo ayé mi"? Irú wọn kò kéré láàárín wa. Àwọn kan wà nínú ilé yìí nísinsìnyí, bí wọn kò tilẹ̀ jẹ́ gbé orí wọn sókè kí n má bàa mọ̀ wọ́n.

Àwọn àgbà wí pé àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì fi etí sí orúkọ náà dáadáa, ẹ ó rí i pé ó ti sọ ìtumọ̀ ara rẹ̀: à bá mọ̀. Bí ó bá ṣe pé a ti mọ̀ ni, a kì bá tí ṣe bẹ́ẹ̀. Ǹjẹ́ ìbéèrè mi àkọ́kọ́ nìyí: nínú ọ̀ràn tí à ń sọ yìí, ta ni ìbá ti mọ̀, báwo ni ìbá sì ti ṣe mọ̀?

Ẹ wo bí ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 16 tàbí 17 ni à ń fún ní ìwé pé kí ó kọ orúkọ iṣẹ́ tí yóò máa ṣe títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀ sí i. Kò ì tí ì gba owó oṣù rí. Kò mọ ohun tí dókítà ń ṣe ní agogo méjì òru, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ irú ìwé tí lọ́yà ń kà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Orúkọ nìkan ni ó mọ̀, orúkọ tí ó sì ní iyì ní ojú àwọn òbí wa kò ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Nígbà tí ọmọ bá ń kọ́ ìṣègùn, kò ní í pẹ́ tí gbogbo àdúgbò yóò fi máa pe bàbá rẹ̀ ní Bàbá Dókítà, tí àwọn oníṣòwò yóò sì máa pe ìyá rẹ̀ ní Ìyá Dókítà ní ọjà. (Èmi kò ì tí ì gbọ́ kí a pe ẹnikẹ́ni ní Bàbá Onímọ̀-Ewéko.) Láti 1978 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá àjọ JAMB sílẹ̀ ni ìdánwò rẹ̀ ti di ẹnu-ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ wa ń gbà wọ yunifásítì; bí máàkì ọmọ kò bá sì tó fún ìṣègùn tí ó béèrè, ilé-ẹ̀kọ́ náà lè fi í sí ẹ̀kọ́ nípa ẹranko, tàbí nípa ewéko, tàbí ibikíbi tí àyè bá ṣẹ́kù sí. Bàbá a sì wí pé, "Gbà á bẹ́ẹ̀, kí ọdún kan má bàa tún lọ lórí asán." Ọmọ a sì gbà á.

Ọdún 4 ni a kọ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ kò gbàgbé ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní 2020, tí ó gba oṣù 9, tàbí ti 2022, tí ó gba oṣù 8. Ẹni tí ó wọlé ní ẹni ọdún 18 lè di ẹni ọdún 24 kí ó tó jáde. A sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún ọdún 1 gẹ́gẹ́ bí ètò àgùnbánirọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1973, a sì padà wá sí ilé pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí méjì nínú àpò àti ọkàn tí kò balẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kábàámọ̀, èmi kò rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, n kò sì rò pé ìwà àìmoore ni pẹ̀lú. Àwọn tí ń bú u pé ó fi owó bàbá rẹ̀ ṣòfò ń gbàgbé pé kì í ṣe òun nìkan ni ó di kálámù mú ní ọjọ́ tí a ń kọ ìwé náà.

Ṣùgbọ́n n kò wá síhìn-ín láti fi oyin sí àbámọ̀ lórí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tí ó ń kábàámọ̀ ṣe ṣáájú ohun gbogbo ni pé kí ó mọ ohun tí ó ń dùn ún gan-an. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ara ń ro, tí wọn kò sì mọ ibi tí ó ti ń ro wọ́n, wọ́n a sì lo oògùn orí sí ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan bí àpẹẹrẹ, tí ó kọ́ ìṣírò owó, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tí ọ̀gá rẹ̀ ń bú u ní gbangba, tí owó oṣù rẹ̀ kì í sì í dé kí oṣù tó ń bọ̀ tó dé ìdajì. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí yóò wí fún ọ pé òun kórìíra ìṣírò owó. Irọ́ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ pé irọ́ ni òun ń pa. Ọ̀gá rẹ̀ ni ó kórìíra. Bí a bá mú un kúrò níbẹ̀ lọ sí ibi tí a ti ń bu ọlá fún ènìyàn, ó ṣeé ṣe kí ó tún fẹ́ràn ìwé ìṣírò rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò ọ̀gá mìíràn, kò nílò iṣẹ́ mìíràn. Ẹ sì mú ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀: ó fẹ́ràn ilẹ̀, ó fẹ́ràn ohun ọ̀gbìn, ṣùgbọ́n kò ní ilẹ̀, kò sì ní owó tí yóò fi gbin ohunkóhun. Òun náà yóò wí pé òun kábàámọ̀ oyè rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé àìní owó ni ó ń kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnìkẹta wà, tí ó kọ́ òfin, tí ó rí ọ̀gá rere, tí a ń san owó rẹ̀ déédéé, síbẹ̀ tí àyà rẹ̀ máa ń já ní gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́ wọ ilé-ẹjọ́, nítorí pé a dá a ní ènìyàn tí kò lè fara da àríyànjiyàn. Ẹni yìí ni ọ̀rọ̀ mi ní alẹ́ yìí bá wí jù lọ. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni kò bá a lára mu, kò sì sí ọ̀gá tí ó lè tún èyíinì ṣe.

Bí ó bá sì ti dá ni lójú pé bẹ́ẹ̀ ni, ó dára kí a tètè padà. Ẹ̀yin gbọ́ nípa Chinua Achebe. Ní 1948, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ìṣègùn ni ó wá kọ́, a sì fún un ní ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ fún un. Lẹ́yìn ọdún 1 ó rí i pé kò lè ṣe é; ó fi ìṣègùn sílẹ̀, ó sì yí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Nítorí èyí ó pàdánù ẹ̀bùn owó náà. Ó jáde ní 1953, nígbà tí ó sì di 1958 a tẹ ìwé rẹ̀, *Things Fall Apart*, èyí tí a ti túmọ̀ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè ayé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Christopher Okigbo tẹ̀lé ọ̀nà kan náà: ó wọ Ìbàdàn ní 1950 láti kọ́ ìṣègùn, ó yí sí ẹ̀kọ́ èdè Gíríìkì àti Látìn ìgbàanì, ó sì jáde ní 1956. Àwọn àgbàlagbà kan ní Fìdítì yóò rántí pé ó wá kọ́ni ní Látìn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama wọn láti 1958 títí di 1960. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ òwò àti ní ọ́fíìsì ìjọba kí ó tó dé ibẹ̀, lẹ́yìn ibẹ̀ ó tún di alábòójútó ilé ìkàwé ní Nsukka. Ní Fìdítì yìí ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ gidi mú ewì kíkọ. Bí a bá fi ojú ọjà wò ó, a ó wí pé alárìnkiri ni, kò ní iṣẹ́ kan pàtó lọ́wọ́.

Ní 1958 kan náà ni a rán Fẹlá Ransome-Kuti láti Abẹ́òkúta lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ìṣègùn, tí ó sì lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ orin tí a ń pè ní Trinity. Ẹ sì má ṣe gbàgbé pé nínú ilé kan náà ni Olikoye àti Bekọ̀ ti jáde, tí àwọn méjèèjì di dókítà, tí ẹ̀gbọ́n sì di mínísítà ètò ìlera láti 1985. Bàbá kan, ìyá kan, oúnjẹ kan, ìkòkò kan. Ohun tí ó bá ẹnìkan lára mu kò bá ẹnìkejì mu. Èmi kò mọ ẹ̀rí tí ó tún lè tóbi jù èyí lọ fún àwọn òbí tí wọ́n ń fi ọmọ kan wé òmíràn.

Mo mọ ohun tí ẹ̀yin tí ẹ ti gba oyè tán ń wí nínú ọkàn yín. Ẹ ń wí pé àwọn wọ̀nyí yí padà nígbà tí ilẹ̀ kò ì tí ì ṣú, ṣùgbọ́n ní tiyín, ẹ ti parí. A ti jẹ ẹran, a ti ya àwòrán. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá wa Fọlákẹ́ Ṣólàńkẹ́ fún yín. A bí i ní 1932. Ó lọ sí Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣì wà lábẹ́ Yunifásítì Durham, ó sì gba oyè nínú èdè Látìn àti ìṣírò ní 1954. Ó padà wá sí ilé, ó sì ṣe olùkọ́ fún àwọn ọmọbìnrin. Iṣẹ́ rere ni, kò sì sí ẹni tí ìbá ti bá a wí bí ó bá dúró síbẹ̀ títí tí ó fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ó tún padà sí ẹsẹ̀ olùkọ́, ó kọ́ òfin, a sì pè é sí iṣẹ́ amòfin ní 1963. Ní 1981 ó di obìnrin àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà tí ó gba oyè Àgbà Amòfin. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: láti ọjọ́ tí ó gba oyè Látìn rẹ̀ títí di ọjọ́ tí ó wọ aṣọ lọ́yà, ọdún 9 ni. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ wa ni lónìí, a ì bá ti pe ìpàdé ẹbí lé e lórí ní ọdún kẹta.

Ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti ṣe olùkọ́, ó ti tẹ ẹ̀rọ ìkọ̀wé, ó ti kọ ìròyìn fún ìwé ìròyìn, ó ti fi mọ́tò kó ẹrù, ó ti ra kòkó, òwò náà sì fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì jẹ gbèsè. Ní 1944 ó gba oyè nínú ẹ̀kọ́ ìṣòwò láti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù láìkúrò ní ilé. Kàkà tí ìbá fi jókòó ti oyè yìí, ní ọdún kan náà ni ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ òfin, a sì pè é ní November 1946, nígbà tí ó di ẹni ọdún 37.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí ọ̀ràn yìí, nítorí pé àwọn tí ń sọ irú ìtàn báyìí fún àwọn ọ̀dọ́ máa ń fo apá kan rẹ̀. Ta ni ó san owó ọkọ̀? Nígbà tí Achebe pàdánù ẹ̀bùn owó rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Augustine, tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ni ó yọ̀ǹda owó tí ìbá fi lọ sí ilé fún ìsinmi rẹ̀, kí àbúrò rẹ̀ lè máa bá ẹ̀kọ́ lọ. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ ń ka òfin ní òkè òkun, aya rẹ̀ Hannah ni ó dúró ti àwọn ọmọ, tí ó ń ṣòwò, tí kò jẹ́ kí iná ilé kú. Kò sí ẹni tí ń yí ọ̀nà padà tí kì í ṣe pé ẹlòmíràn ń bá a ru nínú ẹrù náà. Nítorí náà, ìwọ tí o fẹ́ fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún òmíràn, kọ orúkọ àwọn tí yóò ru ẹrù rẹ sí orí tákàdá kí o tó gbé ẹsẹ̀. Bí o bá jẹ́ àkọ́bí, tí owó oṣù rẹ ń san owó ilé-ìwé àwọn àbúrò méjì, àwọn àbúrò wọ̀nyí wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì yẹ kí a bi wọ́n. Ó lè jẹ́ pé ọdún 2 ni ìwọ yóò fi dúró kí èyí àgbà nínú wọn tó parí. Ìdúró bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìfàsẹ́yìn, bí a bá mọ ọjọ́ tí yóò tán.

Ẹ tún gbọ́ òtítọ́ kan tí kò dùn. Àwọn ènìyàn ńlá ni mo ń dárúkọ láti ìgbà tí mo ti dìde, a sì ń rántí wọn nítorí pé ó yọrí sí rere fún wọn. Àwọn tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí kò sì yọrí, kò sí ẹni tí ó kọ ìwé nípa wọn. Wọ́n wà. Ẹni tí ó bá fi ọ̀sán gangan jáwọ́ nínú iṣẹ́ tí ó ń bọ́ ọ nítorí pé ó gbọ́ ìtàn Awólọ́wọ̀ ní alẹ́ àná, kò gbọ́ ìtàn náà dáadáa.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a ṣírò ọdún pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Ká ní ẹni ọdún 24 kan ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán, ó sì fẹ́ kọ́ òfin. Pẹ̀lú oyè tí ó ti ní, ó lè wọlé sí ìpele kejì, kí ó lo ọdún 4 dípò 5. Lẹ́yìn èyí, Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin, tí a dá sílẹ̀ ní 1962, yóò tún gbà tó ọdún 1. Yóò di ẹni ọdún 29 kí ó tó dúró níwájú adájọ́, bí kò bá sí ìyanṣẹ́lódì. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe olùkọ́ ní tirẹ̀ kò nílò oyè mìíràn rárá: ìwé-ẹ̀rí ìkọ́ni tí a ń gbà lẹ́yìn oyè, èyí tí ó sábà máa ń gba nǹkan bí ọdún 1, ni yóò jẹ́ kí ó lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ àwọn olùkọ́ tí òfin dá sílẹ̀ ní 1993. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó kọ́ kẹ́mísìrì pẹ̀lú ìkórìíra ti di olùkọ́ kẹ́mísìrì rere, nítorí pé ẹni tí ohun kan ti ṣòro fún mọ ibi tí yóò ti ṣòro fún ọmọ tí ó jókòó níwájú rẹ̀.

Fún ẹni tí kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó tó kẹ́kọ̀ọ́, Yunifásítì Gbogboògbò wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1983, tí ìjọba ológun tì ní 1984, tí a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí jí dìde ní 2001. A lè máa ka ìwé rẹ̀ ní ilé lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ máa béèrè kí ẹ tó san owó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn kan ka òfin tán níbẹ̀ tí Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin kò sì gbà wọ́n, títí tí a fi ṣe àtúnṣe sí òfin yunifásítì náà ní 2018. Ẹni tí ó ti ń sá fún àbámọ̀ kan kò yẹ kí ó fi owó ra ìkejì. Lọ sí ọ́fíìsì àwọn tí ń ṣe àkóso iṣẹ́ tí o fẹ́, kí o sì béèrè lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tí ń ta fọ́ọ̀mù, bóyá wọ́n gba ìwé-ẹ̀rí náà.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́, nítorí pé níbẹ̀ ni ìtìjú pọ̀ sí jù. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹni tí ó gba oyè nínú ìmọ̀ ìṣèlú bá rí i pé aṣọ rírán ni ọkàn òun fẹ́, tàbí iṣẹ́ káfíńtà, tàbí títún ẹ̀rọ ṣe? Yóò ní láti lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan, kí wọ́n kọ ìwé àdéhùn, kí ó san owó ìkọ́ṣẹ́, kí ó sì di ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ọ̀gá náà lè jẹ́ ẹni tí kò ka ju ìwé mẹ́fà lọ. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ó bá níbẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ọdún 15, àwọn ni yóò sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú iṣẹ́, nítorí pé ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni àgbà. Wọn yóò rán an ní oúnjẹ. Wọn yóò ní kí ó gbá ilẹ̀. Ní ọjọ́ tí àwọn tí wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́ bá gba ibẹ̀ kọjá nínú ọkọ̀, yóò wù ú kí ilẹ̀ lanu.

Mo ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ọ̀nà tẹ́júmọ́ ni mo ń fi hàn án. Ṣùgbọ́n mo bi yín: ohun wo ni ó wà nínú gbogbo èyí tí àwọn baba ńlá wa kò ṣe? Samuel Àjàyí Crowther pàápàá, kí ó tó di bíṣọ́ọ̀bù, kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ní Sierra Leone, kò sì sí ìtàn kan tí ó wí pé ó dín iyì rẹ̀ kù. Ẹni tí ó kàwé sì ní ohun kan tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kò ní. Ó mọ bí a ti ń kọ iye owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde, ó mọ bí a ti ń bá ilé-ìfowópamọ́ sọ̀rọ̀, ó sì lè kọ lẹ́tà sí oníbàárà tí ó wà ní ìlú mìíràn. Ní ọjọ́ tí ó bá gba òmìnira ní ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀, àwọn nǹkan wọ̀nyí ni yóò sọ ẹ̀rọ ìránṣọ kan di méjì. Ìmọ̀ àtijọ́ kì í kú; a máa tẹ̀lé ni bí ajá.

Kò sí ẹni tí èyí hàn lára rẹ̀ tó Herbert Macaulay. Ní 1881 ni ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó bí akọ̀wé. Ní 1890 ìjọba rán an lọ sí Plymouth láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ó padà ní 1893, ó sì di awọnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ìjọba pè ní tirẹ̀. Ní 1898 ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń wọn ilẹ̀ fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀ràn ìlú gbà á lọ́wọ́ ìwọ̀n ilẹ̀, títí tí ó fi dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ ní 1923. A lè wí pé ó sọ ẹ̀kọ́ Plymouth nù. Ṣùgbọ́n nígbà tí Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, ń bá ìjọba ṣe ẹjọ́ lórí ilẹ̀ Àpápá, Macaulay ni ó bá a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, nígbà tí ó sì di 1921 Ìgbìmọ̀ Ọba dá ẹjọ́ náà fún Olóyè Olúwa, pé a gbọ́dọ̀ san owó ilẹ̀ fún un bí onílẹ̀. Ọ̀ràn ilẹ̀ ni ẹjọ́ náà, ẹni tí ó sì ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ilẹ̀ Èkó, tí ó ti wọ̀n ọ́n, tí ó mọ ohun tí ó wà nínú ìwé ìjọba nípa rẹ̀, ni ó dúró ti olóyè náà. N kò gbọ́ pé Macaulay kábàámọ̀ iṣẹ́ awọnlẹ̀ rẹ̀ rí. Ó kàn gbé e lọ sí ibi tí ìjọba kò rò pé yóò gbé e dé.

Ó ku ọ̀ràn kan, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí ní ìkọ̀kọ̀ jù lọ: báwo ni a ó ti sọ fún bàbá? Bàbá ti ta ilẹ̀. Ìyá ti kó àjọ fún ọdún 5. Wọn kò fi owó nìkan sí i, wọ́n fi orúkọ sí i. Ní ọjọ́ tí ọmọ bá wí pé òun kì í ṣe lọ́yà mọ́, ẹnì kan ní ọjà kì yóò mọ orúkọ tí yóò máa pe ìyá rẹ̀.

Àwọn kan máa ń rò pé kí àwọn fi í pamọ́, kí wọ́n máa wọ aṣọ ọ́fíìsì jáde ní òwúrọ̀, kí wọ́n sì lọ pàrọ̀ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ará àdúgbò yóò bínú lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan nítorí iṣẹ́ náà, àti lẹ́ẹ̀kan nítorí pé ará òde mọ̀ ṣáájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe fi ìwé ránṣẹ́ sí i láti Èkó. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí bàbá ń gbọ́ tirẹ̀, ìbáà ṣe àbúrò rẹ̀, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, kí ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹni náà, kí ó sì bá yín wọlé. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì dúpẹ́ lórí ẹ̀kọ́ náà kí ẹ tó sọ pé ẹ fẹ́ fi í sílẹ̀. Ọpẹ́ yẹn kì í ṣe ẹ̀tàn, nítorí pé bí kò bá rán yín ni, ẹ kì bá tí mọ̀ pé kì í ṣe tiyín. Ẹ sọ iye ọdún tí ohun tuntun náà yóò gbà. Ẹ sọ ibi tí owó rẹ̀ yóò ti wá, kí ẹ má sì ṣe ní kí ó ta ilẹ̀ kejì. Ẹ tọ́ka sí ohun tí ẹ ti fi ọwọ́ ara yín ṣe ní ìrọ̀lẹ́ àti ní ọjọ́ Sátidé, fún oṣù 6 ó kéré tán, nígbà tí ẹ ṣì wà ní ẹnu iṣẹ́ àkọ́kọ́: aga tí ẹ kàn, aṣọ tí ẹ rán, ọmọ tí ẹ kọ́ tí ó yege. Bàbá tí kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́ lè fi ọwọ́ pa aga lára.

Bí ó bá sì dákẹ́, ẹ jẹ́ kí ó dákẹ́. Ọdún 4 tàbí 5 ni ẹ fi mọ̀ pé ohun tí ẹ ń kọ́ kì í ṣe tiyín. Kò yẹ kí ẹ retí pé òun yóò gbà á ní alẹ́ ọjọ́ kan.

Alága ti ń wo aago. Ìdajì wákàtí ni ó kù fún ìbéèrè, mo sì rí i pé àwọn òbí mélòó kan ti nawọ́ sókè ṣáájú àwọn ọmọ wọn; bí Alága bá fi àyè gbà wá, àwọn ni kí a kọ́kọ́ gbọ́.